Bí Mo Ṣe Sọ Ọjà Ìtapàjí Nù Nínú Àká

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, mo ti dé o. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ni mo mú bọ̀, torí iṣu tí mo gbé bọ̀ láti Èkìtì kò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi tán, ẹ̀yin náà lẹ sì jẹ ẹ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni ìtàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, títí kan ibi tí ojú ti tì mí.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àfi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń sọ fún ènìyàn pé mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. N kì í tún kọ̀ǹpútà ṣe o. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé ni tèmi. Tí ẹ bá tẹ nǹkan lórí fóònù yín tó sì dáhùn, àwa tí ẹ kò rí lẹ́yìn rẹ̀ la jẹ́ kó dáhùn. Ọdún méje ni mo fi ṣe é n'Ìbàdàn kí ilé iṣẹ́ wa tó palẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo wà nílé tí mò ń ka òrùlé ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò kó gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn jọ síbì kan, tí yóò sì máa fi ṣe ìròyìn fún àwọn. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fura, torí wọ́n ní olùkọ́ kan wà ní Ọ̀yẹ́ tí yóò máa kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ìkọ̀lé

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìkọ̀lé. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni pé gbogbo ènìyàn ló ń kí mi. N'Ìbàdàn, tí ẹni tí o kò mọ̀ rí bá kí ọ, o máa di báàgì rẹ mú. Ní Ìkọ̀lé, ọkùnrin kan tó ń fọ ọ̀kadà gbé omi sílẹ̀ kó tó ní, “Ẹ kú ùrìn o.” Obìnrin tó ń sá ẹ̀gẹ́ sétí títì náà ní, “Ẹ kú ùrìn o.” Mo dá wọn lóhùn títí ẹnu fi ń ro mí.

Ẹni tó gbà mí sílé ni Màmá Bọ́sẹ̀, opó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Ìṣẹ́yìn.

“Ibi tí wọ́n ti ń hun òfì un?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Há, ọ̀nà rẹ jìn. Wọ ulé. Ulé rẹ nì yí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Kí n tó sùn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ilé ni ulé, iṣẹ́ ni uṣẹ́, iṣu ni uṣu. Mo rò pé mo ti gbọ́ èdè wọn tán nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Màmá Bọ́sẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ jókòó níwájú mi, wọ́n sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan, orúkọ mi nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí wọ́n sọ títí di òní, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwa ará Òkè-Ògùn, ọkà la fi dàgbà, iyán wà fún ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ tí àna bá wá. Nílé Màmá Bọ́sẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọjọ́ ọdún. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jẹ ìdajì iyán tó gbé síwájú mi, mo fọ ọwọ́. Màmá wo abọ́, ó wo ojú mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ibà ń ṣe mí. Ó wá pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá wò ó. Àwọn méjèèjì dúró ti abọ́ náà bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó dojú dé. Ìgbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi ni mò ń yọjú sí ilé ìdáná láti mọ̀ bóyá odó ti dún.

Àlejò ni mí, wọn kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Mo gbé ìgbálẹ̀, wọ́n gbà á. Mo fẹ́ fọ abọ́, wọ́n ní àlejò kì í fọ abọ́. Mo ń jẹ, mo ń sùn, mo ń dà bí ẹran iléyá. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, oṣù kan lẹ́yìn tí mo dé, Màmá Bọ́sẹ̀ kàn na ìgbálẹ̀ sí mi, ó ní kí n gbá iwájú ulé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi dùn débi pé mo gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn.

Ọ̀yẹ́

Mo ti yàwòrán olùkọ́ mi sọ́kàn kí n tó dé Ọ̀yẹ́: bàbá arúgbó kan tó wọ jígí, tí yóò máa wú ikọ́. Obìnrin ni mo bá, ọmọ Kàlàbá, Màdámù Éńò, tó ti ń gbé Ọ̀yẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá. Yunifásítì ló gbé e wá, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Tí ẹ bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ nítòsí géètì, ẹ ó gbọ́ Ìgbò lápá ọ̀tún, Haúsá lápá òsì, àti èdè kan láàárín tí ẹ kò ní lè dá mọ̀. Lọ́jọ́ tí a pàdé, Màdámù ń ná ilá lọ́wọ́ ìyá kan ní ojúlówó Èkìtì. Mo dúró, mò ń wo ẹnu wọn. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún èmi ọmọ Yorùbá.

Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. “Títílayọ̀, tí àgbẹ̀ kan bá kó kúrò ní Ìrèlé lọ sí Òsì, kí lo máa ṣe sí àkọsílẹ̀ rẹ̀?”

“Màá pa Ìrèlé rẹ́, mà, màá kọ Òsì sí i.”

“Àgbàdo tó ti kó wá nígbà tó wà ní Ìrèlé ńkọ́? Ìlú wo ló ni ín báyìí?”

Ọdún méje ni mo ti ń pa Ìrèlé àwọn ènìyàn rẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí nípa àgbàdo wọn rí.

Ó ní iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé tí mo mọ̀, bí nǹkan ṣe rí lónìí nìkan ló ń wá. Èyí tí mo wá kọ́, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní dátà wíàháòsì, bí nǹkan ṣe rí ní gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá ló ń tọ́jú. A ó kó o jọ láti ibi gbogbo, a ó fi ajọ̀ kù ú, a ó gbé e pamọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní yí i padà mọ́. Inú rẹ̀ ni a ó ti máa bu ìròyìn. Mo ní, “Mà, àká ni.” Ó ronú sí i, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àká ni, láti ọjọ́ náà àwa méjèèjì kò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ohun méjì ló tẹnu mọ́ títí ó fi sú mi. Ó ní àká kì í da nǹkan nù: ohun tí ajọ̀ mi bá kọ̀, kí n kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n sì fi ojú ara mi wò ó. Ó tún ní kí n tó ṣe ohunkóhun, kí n kọ́kọ́ to ọjọ́ inú ọdún sórí tábìlì kan, kí n kọ gbogbo ohun tí ará ibẹ̀ mọ̀ nípa ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí i, ọjọ́ iṣẹ́ ni o, ọjọ́ ọdún ni o, ọjọ́ ọjà ni o.

“Má fi orí ara rẹ pinnu,” ó ní. “Àwọn tó ni ọjọ́ ni kó o bi.”

Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Pupa

Ilé ìkẹ́rùsí mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà ní. Ti Ìrèlé ń gba ẹrù ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ti Òsì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ti Ìtapàjí sì ń gba tirẹ̀ ní ọjọ́ ọjà ìlú. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò fi fóònù rẹ̀ tẹ ọjọ́ àti iye àpò tó wọlé ránṣẹ́ sí wa ní Ìkọ̀lé. Ti Ìrèlé àti ti Òsì kò le. Fún ti Ìtapàjí, mo bi Màmá Bọ́sẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi wà nínú iyán.

“Mà, ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná ọjà Ìtapàjí?”

“Ọrọọrún ni.”

Ọrún, ọjọ́ márùn-ún, kò sí ìṣòro. Mo gba ọjọ́ ọjà kan tó dájú lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, mo fi márùn-ún kún un, mo tún fi márùn-ún kún un, títí mo fi dé ìparí ọdún. Mo wá ṣe ajọ̀ mi. Àkọsílẹ̀ èyíkéyìí tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá bá ọjọ́ ìgbẹrù mu, àṣìṣe ni, kí ajọ̀ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀ díẹ̀. Mo rí i pé ó pọ̀. N kò ṣí i wò. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé àwọn bàbá àgbẹ̀ kò mọ ọjọ́ kọ ni.

Nígbà tí mo tan ìròyìn náà, Ìrèlé yọ ní àwọ̀ ewé, Òsì yọ ní àwọ̀ ewé, Ìtapàjí pupa bí epo. Nínú ọjọ́ ọjà mẹ́rin-mẹ́rin tí tábìlì mi mọ̀, mẹ́ta ni kò sí àpò kan ṣoṣo.

Ọ̀gbẹ́ni Dáre tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ fò sókè. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ọ̀nà Ìtapàjí ń ba ọkọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ lásán, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ní kó mú ẹ̀rí wá. “Àǹtí Títí, ẹ ti là wá lójú!” Ó ní ìpàdé ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní Ìdó lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni wọn yóò ti fọwọ́ sí i kí wọ́n ti ilé ìkẹ́rùsí náà pa. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ yóò máa fi ọ̀kadà ru ẹrù wọn wá sí Ìkọ̀lé, bàbá tó ń ṣọ́ ọ yóò sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó kọ lẹ́tà sí bàbá náà, ó lẹ àpòòwé rẹ̀ pa. Nítorí pé mo ti ń yọ wọ́n lẹ́nu pé mo fẹ́ rí ìgbèríko, èmi ló fún pé kí n mú un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe nítorí títì tí wọ́n fẹ́ ti ilé onílé. Ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe ló ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí.

Ìtapàjí

Mo fọgbọ́n mú ọjọ́ tí tábìlì mi ní ó jẹ́ ọjọ́ ọjà, kí n lè fojú ara mi rí bí ọjà náà ṣe dákú. Ó dákú lóòótọ́. Ewúrẹ́ méjì sùn lórí pẹpẹ ìtajà, adìẹ kan ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀. Mo ní, ìròyìn mi kò purọ́! Mo ya fọ́tò ewúrẹ́ náà.

Bàbá Ògúnjùbí ni orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Àgbẹ̀ ni, ó ga, irun rẹ̀ funfun, ìdílé Ògún sì ni wọ́n. Wọ́n fi àdá àtijọ́ méjì àti màrìwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ẹnu ọ̀nà wọn. Òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn mọ ilé ìkẹ́rùsí náà, ó sì fi ibi tí wọ́n ti tẹ ọwọ́ sí sìmẹ́ńtì tútù hàn mí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kí n tó sọ ẹni tí mo jẹ́ tán, omi ti dé. Kí n tó mu omi tán, iṣu sísun ti dé, pẹ̀lú epo àti ẹja tí wọ́n pa nínú odò tí wọ́n dí nítòsí ìlú.

“Jẹun ná, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kì í sá.”

Mo gbé báàgì lé itan, lẹ́tà wà nínú rẹ̀, mò ń jẹ ẹja ẹni tí mo wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ata ọ̀hún tó. Mo ní ó tó, sà. Ẹja náà dùn.

Mo wá ọ̀rọ̀ sọ. “Bàbá, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò wá sọ́jà lónìí?”

“Lónìí kẹ̀? Àná la ná ọjà.”

“Rárá, sà. Òní ni.” Mo fi fóònù hàn án.

Ó fi sùúrù wò ó. “Ẹni tó kọ èyí un, kò sùn ní ulú yìí rí.”

“Ṣebí ọrọọrún ni, sà?”

“Ọrọọrún ni.”

“Ọjọ́ márùn-ún?”

“Ọjọ́ márùn-ún ni, ọmọ mi.”

Ohun kan náà la jọ ń sọ, a kò sì gbọ́ ara wa yé. Ó wá ní, “Ká sọ pé ọjà ná lónìí. Kà á fún mi.”

Mo na ìka. “Ọ̀la, ọ̀túnla…”

Ó di ìka mi mú. “Òní ńkọ́?”

“Òní, sà?”

“Ọjà ná lónìí, o sì fò ó. Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?” Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sórí tábìlì, ó ń ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Òní. Ọ̀la. Ọ̀túnla. Ọjọ́ kẹrin. Ọrún.” Ó ní òun kò tiẹ̀ lè ṣì í kà, torí ọjọ́ ọjà wọn náà ni ọjọ́ Ògún nínú ulé òun. Àná ni òun fi omi tútù àti obì sídìí òpó yẹn, òun kò sì lọ oko.

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, èmi tí ìyá ìyá mi máa ń ní kí n padà wá ní ìjọ́ mẹ́ta, tí mo sì mọ̀ pé ọ̀túnla ló ń sọ! Láti kékeré ni mo ti mọ irú kíkà yìí lẹ́nu. Iwájú kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ti gbàgbé ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló yẹ kí n máa fi kún un.

Mo ní Bàbá kó jọ̀ọ́, mo gbé kọ̀ǹpútà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹja. Mo sọ márùn-ún di mẹ́rin. Mo wá ṣí ohun tí ajọ̀ kó sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí Màdámù Éńò ní kí n fojú ara mi wò, mo dà á padà sínú àká. Gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Nínú ọjà márùn-ún-márùn-ún tí Bàbá ti kọ ránṣẹ́, ẹyọ kan péré ni mo ti ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pe mẹ́rin tó kù ní ìdọ̀tí. Ìtapàjí kúrò ní pupa lójú mi, ó kọjá Òsì.

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí ọ̀túnla ni ìpàdé Ìdó. N kò yọ lẹ́tà. Mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Bàbá dúpẹ́, ó di ẹja yíyan fún mi, ó ní kí n kí Ìkọ̀lé.

Ìdó

Mo pe Màdámù Éńò lọ́nà, mo ro ẹjọ́. Mo ní, “Mà, màá kàn sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í kà.”

“Kọ̀ǹpútà kọ́ ló kà á,” ó ní. “Ìwọ ni.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọ̀gbẹ́ni Dáre kò gbé fóònù lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo fi dé gbọ̀ngàn ní Ìdó, ó ti pín ìwé aláwọ̀ pupa náà fún gbogbo ènìyàn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bàbá Ògúnjùbí jókòó sí ìlà kejì, ó wọ agbádá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Mo ní èmi ni mo ṣe ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo ní àká kì í da nǹkan nù, ṣùgbọ́n mo ti da ti Ìtapàjí nù, torí pé nígbà tí mò ń ka ọrún, n kò ka òní mọ́ ọn.

Bàbá àgbàlagbà kan láti Ìrèlé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ènìyàn! Wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbọ́n o!” Ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé. Wọ́n ń ka ìka fún ara wọn, wọ́n ń nà án sí mi lójú: òní, ọ̀la, ọ̀túnla. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, omi wà lójú mi. Mo fi ìròyìn tòótọ́ hàn wọ́n lára ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Dáre wò ó títí, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá ìwé pupa náà padà fún òun. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ilé ìkẹ́rùsí Ìtapàjí dúró síbi tó wà.

Bàbá Ògúnjùbí dúró dè mí níta.

“Mú uwé mi wá,” ó ní.

“Ìwé wo, sà?”

“Èyí tó ní orúkọ mi lára. Ó ti yọrí nínú báàgì rẹ lọ́jọ́ sí.” Ó ní wọ́n ti pe òun láti Ìkọ̀lé ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo wá sí Ìtapàjí, wọ́n ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun.

“Ẹ mọ̀, sà? Ẹ sì fún mi lẹ́ja?”

“Ọ̀nà rẹ jìn, o sì ru ohun tó wúwo. Ebi á ti pa ọ́.”

Mo yọ lẹ́tà náà, mo fẹ́ fà á ya níbẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú gẹ́gẹ́ bó ṣe di ìka mi mú lọ́jọ́ sí.

“Má ya á. Ṣebí ìwọ lo wí nínú ibẹ̀ un pé àká kì í da nǹkan nù?”

Ó tọrọ bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọjọ́ tí mo wá sí Ìtapàjí sẹ́yìn àpòòwé náà, ó tì í bọ àpò agbádá rẹ̀. Mo ṣì lọ kí i ní Ìtapàjí lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó máa bọ̀ wálé. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀ láìtíì ṣí, nínú ìwé tó fi ń kọ iye àpò tó wọlé, láàárín ọjọ́ ọjà kan àti èkejì.